Alákàn Tó Lé Eléyín-líle Kúrò ní Àpáta Iyùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dáa. Ohùn yín ròkè lónìí, ó jọ pé gbogbo yín ti jẹun yó. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó gba etíkun lọ, ó wọ inú omi, omi ò gbé e. Ó rìn títí ó fi dé ẹnu ihò Alákàn, ibẹ̀ ló jókòó sí.

Ẹ sún mọ́ mi. Fẹ́yìṣétán, ká ẹsẹ̀ rẹ kò, ìwọ nìkan kọ́ ló ni ẹní. Ọmọ tó bá sùn kí n tó parí, mi ò ní tún un sọ fún un lọ́la. Kó lọ bi ìrọ̀rí rẹ̀ léèrè.

Iyùn tí ẹ ń rí lọ́rùn àwọn olóyè, níbo lẹ rò pé ó ti ń wá? Ìdògbé ní láti ọjà ni. Ó gbìyànjú. Inú òkun ni iyùn ti ń wá, ọmọ mi. Níbi tí omi ti mọ́ gaara, tí oòrùn ń tàn dé ìsàlẹ̀, ìlú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àpáta Iyùn. Ìyá Iyùn ló kọ́ ọ. Ojú kan ló jókòó sí, kì í rìn, kì í sáré, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń mọ ilé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mọ ọ́n, bí ẹni tí ń fi ìka kan ṣoṣo mọ ògiri. Gbogbo ihò àti yàrá tí àwọn ẹja ń sùn sí, òun ló mọ wọ́n, kò sì lé àlejò kankan rí.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Iyùn ń fẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí òṣùpá bá ti lé téńté, ó máa ń bímọ. Àwọn ọmọ náà á léfòó sínú omi, wẹ́wẹ́, wọ́n kéré bíi hóró iyanrìn. Wọ́n á máa wá òkúta tó mọ́ tí wọn yóò jókòó lé. Èyí tó bá rí òkúta, ó jókòó, ó di Iyùn. Èyí tí kò bá rí, omi gbé e lọ nìyẹn, ọmọ tí omi bá sì ti gbé lọ kì í padà wá. Ìyá Iyùn kò lọ́wọ́ tó lè fi gbá wọn mú. Àfi kó máa wò.

Àmọ́ koríko òkun ò mọ̀ pé ẹnì kan ń bímọ. Ó kàn ń hù ni. Bí wọn ò bá ro ó, á bo gbogbo òkúta mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ò ní ríbi jókòó. Àwọn ta ló wá ń ro ó? Àwọn Òòrẹ̀ Òkun ni.

Ẹ ti rí òòrẹ̀ inú igbó rí? Ti òkun ò tó o. Ó rí roboto bí ọsàn, ẹ̀gún wá yọ lára rẹ̀ yíká bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ọsàn náà títí tí kò fi sí àyè mọ́. Kò ní orí, kò sì ní ojú bíi tèmi tìrẹ. Abẹ́ ikùn ni ẹnu rẹ̀ wà, eyín márùn-ún péré ló wà níbẹ̀. Ohun tó bá ti wà lábẹ́ ẹnu yẹn, oúnjẹ ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àáró làwọn Òòrẹ̀ máa ń ṣe. Lónìí wọ́n á ro iwájú ilé ẹni kan, lọ́la wọ́n á bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Wọ́n á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á máa jẹ koríko lọ sí iwájú. Òfin àáró wọn ni pé iwájú ni ẹnu ń kọjú sí, a kì í padà sẹ́yìn. Àgbà tó ń ṣáájú wọn, Baba Òòrẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Alákàn náà wà nínú àáró yìí. Bó bá kan iwájú ilé Alákàn, á ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa juwọ́ sí wọn. Bó bá kan ti ẹlòmíràn, ìbàdí á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé Alákàn ò ní ìbàdí.

Wàyí o, ẹja kan wà ní ìlú náà tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Eléyín-líle ni. Awọ ara rẹ̀ le, eyín ẹnu rẹ̀ le. Bó bá bá Òòrẹ̀ níta lọ́sàn-án, á fọn omi sí i nídìí, fúù. Òòrẹ̀ á yí dànù, ikùn tí kò lẹ́gùn-ún á kọjú sókè. Ó parí. Bó bá rí Alákàn ńkọ́? Kò ní fọn omi rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò fọ́ ọ, kàwá. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ làwọn Òòrẹ̀ ń jáde lọ sí iṣẹ́, nígbà tí Eléyín-líle bá ti wọ ihò rẹ̀, tó na egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, tó fi há ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pinpin bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Alákàn náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń rìn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ìrìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sú Alákàn. Oòrùn ló fẹ́ máa yá lójú gbangba bí ìjòyè, kó na ọwọ́ na ẹsẹ̀. Ó ronú, ó ronú. Ó rántí pé nínú gbogbo ìlú, òun nìkan ló ń gun orí ilẹ̀, tó ń mú ìròyìn etíkun wá. Ohun tó bá ní òun rí lókè, ta ló máa lọ wò ó?

Ó mú ọ̀nà, ó di ọ̀dọ̀ Eléyín-líle. Ọ̀sán gangan ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúulé o."

Eléyín-líle yíjú. "Alákàn, ìwọ lo dúró síwájú mi báyìí? Ṣé ayé ti sú ọ ni?"

"Iṣẹ́ ni mo wá jẹ́, ẹ̀gbọ́n. Wọn kì í pa ìránṣẹ́."

"Tètè jẹ́ ẹ. Ebi ń pa mí."

"Etíkun ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ fi ọba tuntun jẹ lókè. Wọ́n ní awọ ẹja tí eyín rẹ̀ le lọba náà yóò fi rán bàtà."

"Awọ ta ni?"

"Awọ yín yẹn ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kò tún sí irú ẹ̀. Ẹ wò ó, kì í ṣe ẹnu mi o." Ó wá fa àjákù àwọ̀n kan yọ lábẹ́ apá, èyí tó ṣà létí omi. "Ara àwọ̀n tí wọ́n ń hun lọ́wọ́ lèyí ti já. Ẹ wọn ojú rẹ̀ wò."

Eléyín-líle wọn ojú àwọ̀n náà mọ́ orí ara rẹ̀. Ó bá a mu. Ojú àwọ̀n wo ni kò ní bá orí ẹja mu? Ẹja kì í làágùn, àmọ́ lọ́jọ́ náà, díẹ̀ ló kù.

"Ìgbà wo ni ìwúyè yẹn máa parí?"

"Kò lè yá, ẹ̀gbọ́n. Àwọn afọbajẹ ṣì ń jà. Ẹ lọ fara pamọ́ síbi tí omi ti jìn. Bó bá ti rọlẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó wá pè yín."

"O ṣeun, àbúrò. Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ràn mi tó báyìí."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí Eléyín-líle fi kó ìyàwó, ó kó ọmọ, ó kó gbogbo ìbátan rẹ̀ lọ sínú ibú. Alákàn gun orí òkúta tó ga jù, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ bá mi gbè é. Ègbè yín ni "Lẹ̀gbẹ̀, òkun ń mì lẹ̀gbẹ̀."

Ta ló lé Eléyín lọ?
*Lẹ̀gbẹ̀, òkun ń mì lẹ̀gbẹ̀.*
Èmi Alákàn lọ́wọ́ le.
*Lẹ̀gbẹ̀, òkun ń mì lẹ̀gbẹ̀.*
Mo fọwọ́ ọ̀tún fà á létí,
*Lẹ̀gbẹ̀, òkun ń mì lẹ̀gbẹ̀.*
Mo fọwọ́ òsì gbá a nídìí.
*Lẹ̀gbẹ̀, òkun ń mì lẹ̀gbẹ̀.*

Ìlú dà wọ̀ọ̀ síta. Àwọn Òòrẹ̀ ń yọ̀, ẹ̀gún ń jó lára wọn. Wọ́n fi Alákàn jẹ Ajagun Àpáta. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọdọ̀ bá wọn ṣe àáró mọ́, nítorí ìbàdí tó fi ja ogun. Alákàn ní kò burú.

Ìyá Iyùn nìkan ni kò gbe orin. Ó pe Alákàn, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé òótọ́ lo bá a jà?"

"Ẹ wo ọwọ́ mi, Ìyá."

"Mo rí i. Kò sí ojú ọgbẹ́ níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti jókòó síbí, mi ò sì tíì rí ìlú tí kò bẹ̀rù nǹkan kan tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

"Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ kì í rìn, kí lẹ fẹ́ mọ̀?"

Ṣé bí wọ́n ṣe ń dá àgbà lóhùn nìyẹn? Ẹ gbọ́, Fẹ́yìṣétán náà ní rárá. Ẹni tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé "ẹ fi mí sílẹ̀" láàárọ̀ yìí ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ayé wá dùn. Àwọn Òòrẹ̀ ń jẹun láàárọ̀, wọ́n ń jẹun lọ́sàn-án, wọ́n ń jẹun lálẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fọn omi sí wọn nídìí. Wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà bímọ. Níbi tí Òòrẹ̀ kan wà tẹ́lẹ̀, mẹ́wàá ló wà báyìí, ẹ̀gún fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọ́ra. Alákàn na ẹsẹ̀ lójú oòrùn, àwọn ẹja kéékèèké ń kí i ní Ajagun. Koríko tán níwájú ilé gbogbo. Ó tán lẹ́yìnkùlé. Ó tán ní ìkòríta. Ìlú mọ́ rekete.

Níjọ́ kan, láàárọ̀ kùtù, Ìyá Iyùn gbọ́ ìró kan nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kẹ́ẹ́rẹ́-kẹ́ẹ́rẹ́. Kẹ́ẹ́rẹ́-kẹ́ẹ́rẹ́.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá. Iṣẹ́ àáró là ń ṣe." Baba Òòrẹ̀ ló dáhùn.

"Baba Òòrẹ̀, ara mi lẹ ń jẹ yẹn."

Ìró náà dákẹ́. Baba Òòrẹ̀ jẹ díẹ̀ sí i, ó tọ́ ọ wò dáadáa. "Ìyá, ẹ forí jì mí. Ó le díẹ̀ lẹ́nu mi, àmọ́ mo rò pé koríko tó ti gbó ni."

"Koríko ti tán látọjọ́ mẹ́ta. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dúró."

"Báwo ni n ó ṣe dá wọn dúró? A ti pọ̀ jù, ebi sì ń pa wọ́n. Bí ìlà iwájú bá dúró, ìlà ẹ̀yìn á gùn wá lórí. Èmi náà ò mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí tí ẹ̀yin ti bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Iyùn sunkún. Ẹkún àgbà ni, kò pariwo. Òṣùpá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó lé. Àwọn ọmọ ọdún yẹn ti ń gbó nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá wá jókòó lórí òkúta, eyín márùn-ún márùn-ún ni yóò fá wọn kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó dá mi lójú pé bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà á sunkún.

Nígbà tó di ọ̀sán, Alákàn wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ níbi tó ti ń yá oòrùn. Ó gbọ́ gbìì lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú. Òrùlé ilé rẹ̀ ti wó. Wọ́n ti jẹ ìsàlẹ̀ ògiri náà tán, ó wá rí bẹbẹ bí awọ àlùbọ́sà. Òòrẹ̀ méjìlá wà lórí àlàpà náà, wọ́n ṣì ń fá a lọ.

Ajagun Àpáta di aláìnílé. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ Ìyá Iyùn, ó bá Baba Òòrẹ̀ níbẹ̀.

Baba Òòrẹ̀ ní, "Alákàn, ó yá, lọ pe Eléyín-líle padà wá."

"Baba, ẹ̀yin? Ẹ̀yin tó ń jẹ?"

"Nígbà tó wà nílé, a máa ń pàdánù ènìyàn wa, ó sì máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù ń yó. Báyìí, tí a bá jẹ Ìyá tán, kí la ó jẹ lé e? Ebi á pa gbogbo wa kú sójú kan. Ìwọ lo lé e, ìwọ ni kó o lọ mú un wá."

Alákàn wo ilẹ̀. Alákàn wo òkè. "Ìyá, mi ò lé e. Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Iyùn sọ. "Ṣáà lọ."

Alákàn lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, títí omi fi tutù, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá Eléyín-líle kó tó bá a nínú ihò kan, ó ti rù, nítorí oúnjẹ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

"Ọba ti jẹ?" ni Eléyín-líle kọ́kọ́ bi í.

"Kò sí ọba kankan, ẹ̀gbọ́n. Kò sí bàtà. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀."

Eléyín-líle na egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ó ní, "Mi ò ní yọ́ wọ ìlú mi bí olè. Ẹnu tó purọ́ lé mi jáde ni yóò fi òótọ́ mú mi wọlé. Ìwọ yóò ṣáájú, wàá máa kọrin, gbogbo ìlú yóò gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́... ẹ̀yin yóò wà lẹ́yìn mi?"

"Lẹ́yìn rẹ gẹ́lẹ́. Mi ò ní fọwọ́ kàn ọ́ bí orin bá ṣì wà lẹ́nu rẹ. Bó bá tán, ó tán."

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń fẹ́ kí orin má tán rí? Ẹ gbè é fún un, ó nílò yín.

Eléyín ò jà, Eléyín ò sá.
*Lẹ̀gbẹ̀, òkun ń mì lẹ̀gbẹ̀.*
Èmi Alákàn ni mo purọ́.
*Lẹ̀gbẹ̀, òkun ń mì lẹ̀gbẹ̀.*
Mo ṣa àwọ̀n létí omi,
*Lẹ̀gbẹ̀, òkun ń mì lẹ̀gbẹ̀.*
Mo pè é ní tọba.
*Lẹ̀gbẹ̀, òkun ń mì lẹ̀gbẹ̀.*

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Kò jẹ́ kó parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kí iyanrìn. Ó kí baba tó bí baba Eléyín-líle. Ó kí eyín ẹnu rẹ̀, tòkè tilẹ̀. Wọ́n rin ọjọ́ mẹ́ta báyìí, Alákàn ń kọrin, kò jẹun, kò sùn. Nígbà tí wọ́n fi dé gbàgede Àpáta Iyùn, ohùn rẹ̀ ti há, ìró ilẹ̀kùn tí ò rí epo ló ń ti ọ̀fun rẹ̀ jáde. Gbogbo ìlú dúró, wọ́n ti gbọ́. Ó fẹ́ kí Ìyá Iyùn kún un, ó la ẹnu, ohùn ò jáde mọ́.

Eléyín-líle nu ẹnu.

Alákàn ta kìjí. Ó sá lọ sí ọ̀nà ilé rẹ̀, àlàpà ló bá. Ó sá gba ọ̀tún, wọ́n ti jẹ ihò ibẹ̀. Ó sá gba òsì, bákan náà. Kò síbi tí ó lè forí pamọ́ sí ní gbogbo ìlú tó lé ẹ̀rù kúrò nínú rẹ̀. Ó kọsẹ̀ lára Baba Òòrẹ̀, tó wà níwájú Ìyá Iyùn.

"Baba, ẹ gbà mí." Kẹ́lẹ́ ló sọ ọ́, ohùn ò sí.

"Kí ni kí n ṣe fún ọ?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbé yín pọ̀n. Kò ní rí mi lábẹ́ ẹ̀gún yín."

Baba Òòrẹ̀ ò kánjú. "Mo gbà. Àmọ́ ọ̀dọ̀ koríko là ń lọ, lónìí, lọ́la àti lọ́jọ́ gbogbo. Ẹsẹ̀ rẹ ni yóò máa ṣe àáró tí ìbàdí rẹ ò jẹ́ kó o ṣe."

"Ẹ ṣáà gùn mí, Baba."

Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mẹ́rin di Baba Òòrẹ̀ mú gírí, ó fi àwọn tó kù rìn. Eléyín-líle dé. Ó fọn omi, fúù. Baba Òòrẹ̀ ò yí. Ó tún fọn ọ́n, fúùù. Alákàn dì í mú bí ẹni di ẹ̀mí mú. Eléyín-líle rí ẹ̀gún lókè, ẹ̀gún lọ́tùn-ún, ẹ̀gún lósì. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá yíjú sí àwọn Òòrẹ̀ tó tẹ́ lọ salalu lójú gbangba. Ó jẹun lọ́jọ́ náà. Ìbátan rẹ̀ náà jẹun. Àwọn Òòrẹ̀ tó yè é fi eyín gbẹ́ ihò kéékèèké sínú àpáta, wọ́n wọ̀ ọ́, wọn ò sì jáde mọ́ àfi nírọ̀lẹ́. Ìró kẹ́ẹ́rẹ́-kẹ́ẹ́rẹ́ dákẹ́ lára Ìyá Iyùn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí òṣùpá lé, àwọn ọmọ náà jáde. Omi kún fún wọn, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Òkúta mọ́, kò sí koríko lórí rẹ̀, kò sì sí eyín tó ń fá a. Wọ́n balẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Iyùn ń kà wọ́n, ó kà á títí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé iye tó ti kà, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pọ̀ ni, ìyẹn ti tó.

Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà díẹ̀díẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Alákàn ń kọjá lọ, Baba Òòrẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń darí rẹ̀ láti òkè. "Yà síbẹ̀. Dúró. Koríko wà níhìn-ín." Ẹ̀gún ń gún Alákàn lẹ́yìn, ó ń kùn. Kó tó kọjá tán, ó gbọ́ ohùn Ìyá Iyùn.

"Alákàn, o kú iṣẹ́ o."

Ó dúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Alákàn, wọ́n ti kí i kúulé, wọ́n ti kí i kú ìjókòó, wọ́n ti kí i ní Ajagun. Kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́ rí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn, Baba Òòrẹ̀ ló kọ́ ọ láti orí ẹ̀yìn.

"Ọ̀ọ̀, Ìyá. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí ẹ bá wo inú omi tó mọ́, ẹ ó rí alákàn kan tó gbé òòrẹ̀ òkun pọ̀n, tó ń rìn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kí i kú iṣẹ́.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí, mo so ó mọ́ èèkàn. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí iyọ̀ má dùn lẹ́nu mi mọ́. Bí kò bá jẹ́ irọ́, kí ìyá yín bu ọbẹ̀ ẹja fún mi lọ́la, kí n tọ́ ọ wò, kó dùn.